Ìpín Àṣá

Ọjà ku ọ̀la ni ọmọ náà wá bá mi ní Olúwo.
Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán, ọ̀sà ṣì ń mí bí ẹni tó sùn.
Ó gbé kúlà pupa kan dání, yìnyín ló kún inú rẹ̀.
"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Ládi, ohun tí ẹ ń dà nù ni mo wá rà."

Mo rẹ́rìn-ín.
Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń la ẹja ní Ẹ̀pẹ́:
ológbò ló ni ìfun,
àṣá ló ni ẹ̀dọ̀.
Ta ní í fowó ra ìpín àṣá?

Ó ní òun kò fẹ́ òkú.
Òbòkún tó ṣì ń jà nínú agbọ̀n ni kí n là,
kí ẹ̀dọ̀ má tíì gbọ́ ìròyìn ikú olúwa rẹ̀.

Bàṣírátù ni, ọmọ Lámídì tó ń kan ọkọ̀ ní Màrínà.
Yunifásítì ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń bi ẹ̀dọ̀ léèrè ọ̀rọ̀.
Ó ní, "Ìyá, oògùn kòkòrò tí òjò ń wọ́ bọ̀ láti oko,
omi aró, epo ẹ́ńjìnnì,
ẹja ń mu ún, ẹja ń mí in símú.
Ẹ̀dọ̀ ni ọlọ.
Èyí tó bá gbà ní lílọ̀, á lọ̀ ọ́, á tú u dànù.
Èyí tí kò bá gbà, ọ̀rá ni yóò bá sùn,
yóò máa lé sí i díẹ̀díẹ̀
bí owó àjọ tí ẹnikẹ́ni kò rí kó."

Nínú ìgò tí kò ju ọmọ-ìka lọ
ni yóò ti po ẹ̀dọ̀ pọ̀ mọ́ oògùn náà,
yóò wá jókòó ti aago:
ìṣẹ́jú márùn-ún, èló ló kù?
Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, èló ló kù?
Tẹ́lẹ̀, ọgọ́rùn-ún ẹja ni wọ́n ń há mọ́ inú àgbá
fún oṣù méjì gbáko, kí wọ́n tó pa wọ́n,
nítorí ọ̀rọ̀ tí ẹ̀dọ̀ kan lè sọ láàárín àárọ̀ kan.

Gbogbo ayé mi ni mo ti ń sọ fún oníjà
pé kí ó fẹ̀dọ̀ lórí òróǹro.
N kò mọ̀ pé ẹ̀dọ̀ ní iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọmọ ìwé kò mọ ọ̀bẹ.
Ó bẹ́ òróǹro mẹ́ta, ẹ̀dọ̀ mẹ́ta di àwọ̀ ewé.
Mo gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀:
"Fi àtàńpàkò ti ibí yìí. Má kánjú. Fà á bí ẹní ń tú irun ọmọ tó sùn."
Ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó yọ ọ́ ní odindi.
Inú mi dùn, bí ẹni pé èmi ni mo gboyè.

Ọ̀sẹ̀ kejì ó padà, kò gbé kúlà.
"Ọ̀kan kò dín, Ìyá. Wákàtí mẹ́rin. Bí mo ṣe fi í sí i ló ṣe wà."
Ó dárúkọ rẹ̀. Orúkọ náà gùn bí okùn ìdákọ̀ró, ó bọ́ lọ́wọ́ mi.
Mo ní, "Ṣé ká má jẹ ẹ́ mọ́ ni?"
Ó wo ilẹ̀.
"N kò tíì mọ̀. Ẹ̀dọ̀ kan kì í ṣe ọ̀sà.
Ibi tó yẹ ká wò ló fi hàn wá."

Lálẹ́, mo se òbòkún, nítorí òun náà ló wà nílé.
Mo jẹ ẹ́.
Mo wá fọwọ́ kan abẹ́ ìhà ọ̀tún mi:
ìwọ ńkọ́?
Ẹja àádọ́ta ọdún, ta ló jókòó ti aago fún ọ?

Kò dá mi lóhùn.
Ní òwúrọ̀, àṣá ti ń yí lókè páànù,
ó ń ké,
ó ń bèèrè ìpín rẹ̀ lọ́wọ́ mi.